Kárià tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ìjọ

Láti Sunday tí àwọn ọ̀dọ́ ti gbé fọ́tò bọ́ọ̀sì ìjọ wa sórí ayélujára ni fóònù mi kò ti sinmi. "Pásítọ̀, irin kí ló wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yẹn?" "Dádì, ṣé a ti ń ta kẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá àkàbà ni, pé ibo la fẹ́ gùn lọ. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Fádéyì báyìí, ẹ máa kà á tán kẹ́ ẹ tó dé Onípaanu.

Kárià kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti ìgbà tí Buba Marwa ti ṣe gómìnà ológun ní Èkó, láàárín 1996 sí 1999, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, béèyàn bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ nílùú yìí, èyí tó ń kérò ni gbogbo ayé ń rò. Ológeere ni tèmi, báísíkù, irú èyí táwọn bàbá wa fi ń lọ sóko, táwọn tíṣà fi ń lọ sílé ìwé. Bàbá tó bí mi ní Raleigh kan tí wọ́n ṣe ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ọmọ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aago rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé ẹni tó ní Raleigh, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Bẹ́ ẹ ṣe mọ̀, a ní àwọn ẹ̀ka kéékèèké lápá Ìjẹ̀bú, béèyàn bá ti kọjá Ṣágámù tó sì yà kúrò lójú títì ńlá. Ajíhìnrere tó ń bójú tó méjì nínú wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Tó bá parí ìsìn àárọ̀ ní abúlé kan, á fi Bíbélì sínú lọ́rá, á rin nǹkan bíi kìlómítà méje dé èkejì, torí ọ̀kadà kì í pọ̀ lọ́nà yẹn lọ́jọ́ Sunday, èyí tó bá sì wà, owó rẹ̀ ń ju ọrẹ táwọn ará abúlé dá lọ. Lọ́dún tó kọjá, òjò ká a mọ́jú ọ̀nà. Ó dé, ó wàásù pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo lọ wò ó, mo bi í pé kí ni kí ìjọ ṣe fún wọn. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé owó oṣù ni wọ́n máa mẹ́nu bà. Wọ́n ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ ọ́n gùn láti kékeré."

Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin dáwó, a rí mẹ́ta rà, tòkunbọ̀, onírin, tó ki pọ́pọ́. Ìkan fún Bàbá Ajíhìnrere, ìkan fún arábìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé láàárín àwọn abúlé náà, ìkan fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu ìlù, tó tún ń gbé oògùn kiri fáwọn aláìsàn. Ó ku bí a ṣe máa gbé e débẹ̀.

Ẹ má sọ pé ìyẹn ò le. Bọ́ọ̀sì wa, HiAce ni, lọ́jọ́ tá a bá sì ń lọ síbẹ̀, ó máa ń kún fún akọrin, sípíkà, jẹnẹrétọ̀, àpótí oògùn àti kúlà oúnjẹ. Àwọn ọmọkùnrin gbìyànjú láti ki kẹ̀kẹ́ méjì wọnú rẹ̀. Gírísì ṣéènì ra aṣọ funfun arábìnrin kan, pẹ́dà sì bó ojúgun ọmọ kékeré kan kí wọ́n tó kúrò ní ọgbà ìjọ. Wọ́n ní ká gbé e sórí òrùlé. Bọ́ọ̀sì yẹn ga, kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó kílò 17. Ta ló fẹ́ máa gbé ìyẹn kọjá orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀?

Ni Alàgbà kan bá ní ká ṣe é bí àwọn dáńfó ṣe máa ń ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: wọ́n á ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á to ẹrù títí tí ìdajì rẹ̀ á fi yọ síta, wọ́n á fi okùn wé e, kọ́ńdọ́ nínú ọkọ̀ á sì máa na ọwọ́ di ohun tí okùn ò dì. Mo sọ fún Alàgbà pé mo máa ń rántí Ússà tí mo bá rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ka 2 Sámúẹ́lì orí 6. Wọ́n ti kọ̀wé bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gbé àpótí ẹ̀rí, wọ́n wá gbé e lé kẹ̀kẹ́ màlúù, ìgbà tí màlúù kọsẹ̀, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ dì í mú. Mi ò sọ pé ẹrù dáńfó jẹ́ ohun mímọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹrù tó bá jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló ń dúró dè, ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ló wà nínú ewu, òun àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwa tá a wà ní Sùúrùlérè kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún wa. September 2015, kọ́ńténà já bọ́ láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba sórí ọkọ̀ tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, èèyàn mẹ́ta kú. Sunday, 29 January 2023, níbì kan náà, kọ́ńténà tún wó lu bọ́ọ̀sì akérò, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Ọjọ́ Ìsinmi o. Mélòó nínú wa ló gba abẹ́ bíríìjì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà? Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe kọ́ńténà. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn, tó ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì wa ní Maryland, tí kẹ̀kẹ́ kílò 17 bá já lu iwájú rẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Alàgbà ò tíì gbà. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká so ó lókùn dáadáa, ká fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, ká máa lọ. Ṣé ẹ̀yin náà ò nígbàgbọ́ mọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Alàgbà yìí fẹ́ràn Ọlọ́run dénú eegun, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo ní ká ṣí Deutarónómì 22, ẹsẹ 8. Níbẹ̀, Ọlọ́run ń bá ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun sọ̀rọ̀, pé kó mọ odi yí òrùlé ká, torí tí ẹnì kan bá jábọ́ látibẹ̀, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n ń sọ ìyẹn fún, Ọlọ́run tó pín òkun níyà ló ń darí wọn. Òun náà ló tún ní kí wọ́n mọ odi. Alàgbà wo Bíbélì títí. Wọ́n ní, "Ó dáa, ta ni wẹ́dà tẹ́ ẹ fẹ́ lò?"

Wẹ́dà wa ní Múṣín, àgbà ọ̀jẹ̀ ni nídìí géètì àti búgúlárì. Bó ṣe yọjú sí bọ́ọ̀sì báyìí, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní, "Ibí náà ni. Mo máa lu ihò mẹ́rin, mo máa fi bóòtù dè é, ó parí." Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ní bọ́ọ̀sì fetí sí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn HiAce, òkè ló ń ṣí sí. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, gíláàsì ló sì gba ìdajì rẹ̀. Ohun tó ń gbé e dúró lókè ni àwọn ọ̀pá gáàsì méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n sì ṣe ọ̀pá yẹn fún. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta jẹ́ kílò 51. Fi kílò 25 irin kárià kún un, ó di 76. Àgbàlagbà ọkùnrin kan nìyẹn, tó so rọ̀ mọ́ páànù. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn náà tó tẹrí sábẹ́ rẹ̀ láti kó sípíkà, ẹ bá mi ṣàánú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe kílò 76 lásán. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan mọ́ra, ẹ máa gbé e dé inú ilé. Ẹ wá na ọwọ́ yín tàntàn síwájú, kẹ́ ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kan náà. Omi ò pọ̀ sí i, àmọ́ apá á máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ kẹta tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù ló ń fa bóòtù òkè jù, ó fẹ́ fà á yọ, ó sì ń ti ìsàlẹ̀ wọnú. Tí bọ́ọ̀sì bá wá fò lórí bọ́ǹbù tàbí kó já sí kòtò, ìwúwo yẹn á di ìlọ́po ní ìṣẹ́jú àáyá. Ihò tí wọ́n lu sára páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, ìpẹtà á dé, ọjọ́ kan lá já, ojú títì ló sì máa já sí.

Irú kárià kan wà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tó jẹ́ pé bẹ́líìtì àti ìkọ́ ni wọ́n fi ń fà á mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Fún mọ́tò kékeré tó ń gbé kẹ̀kẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ kan tàbí méjì lọ sí Yábàá, ó dáa. Fún onírin mẹ́ta àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú, rárá.

Ọ̀rọ̀ ihò yẹn tún ní ìtumọ̀ mìíràn fún wa. Bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ̀bùn ni. Mọ́mì kan tó ti lọ sinmi báyìí ló rà á fún ìjọ kí wọ́n tó kú, ọmọ wọn obìnrin sì wà nínú ìjọ dòní. Nígbà tó gbọ́ pé a fẹ́ lu bọ́ọ̀sì ní ihò, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò jókòó. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ọkọ̀ màmá mi." Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé páànù lásán ni? Mo ní a ò ní lù ú.

A ò sì lù ú. Mẹkáníìkì wa ló tọ́ka sí i. Ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ó fi tọ́ọ̀ṣì hàn wá pé àwọn irin gígùn méjì kan gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti pé nínú tiwa, àwọn ihò ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ ń sinmi lé. Nítorí náà, abẹ́ la ti mú kárià jáde, ó gba ìsàlẹ̀ bọ́mpà yọ sẹ́yìn, ó wá dà bíi pẹpẹ, táyà kẹ̀kẹ́ sì ń dúró lé e lórí dípò kí fúrémù máa rọ̀ sókè. Ilẹ̀kùn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Owódé Onírin la ti ra páìpù onígun mẹ́rin, íǹṣì méjì, kíki rẹ̀ mìlímítà 3. (Ẹni tó sọ ibẹ̀ lórúkọ mọ ohun tó ń ṣe. Owó dé lóòótọ́, tiwa ló sì lọ.) Bóòtù, Ládípọ̀ ni. Mẹ́jọ, orí 17. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bóòtù géètì fún yín. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ máa rí 8.8 tí wọ́n tẹ̀ sí i. Tí kò bá sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Nọ́ọ̀tì tó ní róbà nínú la lò, kó má bàa máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, wáṣà tó fẹ̀ sì wà lókè àti nísàlẹ̀.

Mo ní kí wẹ́dà jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀, kó má fi iná kan ara bọ́ọ̀sì. Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Rárá o, ọ̀gá. Iná wẹ́dà máa ń ba agbára irin abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ níbi tó bá ti jó o, iná náà sì lè sáré gba wáyà lọ ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Ó kùn díẹ̀, ó ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. A kun ún ní red oxide kó tó di dúdú tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò. Ó fi pínnì kan sí i tí wọ́n bá fà yọ, gbogbo pẹpẹ náà á tẹ̀ sísàlẹ̀ sẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rọrùn lọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn làwọn kan máa gbà jáde.

Ó wá ku nọ́ńbà ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe to kẹ̀kẹ́ mẹ́ta sórí rẹ̀, nọ́ńbà pòórá, iná bíréèkì náà sì fara sin. Àwọn Road Safety, FRSC, ti wà lójú títì láti 1988, LASTMA láti 2000, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó máa kí yín torí pé orúkọ ìjọ wà lára ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ rí nọ́ńbà. Ẹnì kan dábàá pé ká lọ ya òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ síńbọ́ọ̀dù. Mo ní ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ méjì, ti ìjọba àti ti ọ̀run. Èyí tó wà lára ọkọ̀ gangan la tú, a gbé e sẹ́yìn kárià, rẹ́wáyà sì fa wáyà iná bíréèkì, tíráfíkétọ̀ àti iná nọ́ńbà wá síbẹ̀.

Èéfín ẹ̀sọ́ọ̀sì náà ń fẹ́ sí ibi tí táyà kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ máa dúró sí. Róbà àti ooru kì í bára gbé, nítorí náà wọ́n fi páìpù kúkúrú kan darí èéfín sí ẹ̀gbẹ́.

Ní ti títo kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin onílù yẹn ló mọ̀ ọ́n jù. Ìkan kọjú sí ọ̀tún, ìkan sí òsì, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn má bàa máa ha ara wọn. Táyà iwájú, ẹ so ó kó má lè yí. Pọ́ǹpù àti báàgì, ẹ tú u sínú ọkọ̀. Róbà tíúbù tí wọ́n là, tí àwọn bàbá wa fi ń di ẹrù mọ́ kárià Raleigh, ó dára láti fi wé ibi tí irin ti ń kan irin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, torí ó ń nà. Bẹ́líìtì onírátíṣẹ́ẹ̀tì la fi dè é, ìdí okùn tó ṣẹ́ kù, ẹ wé e, kó má máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀ kó lọ wọ táyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣéènì àti pádílọ́ọ̀kù gba inú fúrémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mọ Ojúẹlẹ́gba lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Arábìnrin tó ni ìyá wá sí Múṣín lọ́jọ́ tá a dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó ka bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó dìde, ó fi ọwọ́ nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé òun ló ra omi tútù àti búrẹ́dì fáwọn ọmọṣẹ́ wẹ́dà.

Sátidé la gbéra. Mo ti kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà wa pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti gùn sí i ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, kó máa rántí tó bá ń rífásì, àti pé ìwúwo ẹ̀yìn máa jẹ́ kí ọwọ́ síárìn fúyẹ́. A ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn wá sí àárín kí iwájú lè rí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A dúró ní Bájà, kó tó di pé a bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Mẹkáníìkì fi sípánà kan bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ṣì gba ìdámẹ́rin ìyípo. Irin tuntun máa ń jókòó díẹ̀ síra wọn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dúró wò ó kò ní mọ̀. A tún wò ó ní Mowé, kò mì. Ṣágámù, kò mì.

Nígbà tá a dé abúlé, a ò tíì tú bẹ́líìtì tán tí Bàbá Ajíhìnrere ti dé ìdí bọ́ọ̀sì. Wọ́n fọwọ́ tẹ táyà, wọ́n dá pẹ́dà padà sẹ́yìn, wọ́n gbọ́ ohùn ṣéènì. Wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún, wọ́n sáré bíi ìṣísẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fò lé e bí ọmọ ogún ọdún. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé wọn. Ìyàwó wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ rọra o!" Wọn ò gbọ́. Wọ́n ti kọjá igi ọ̀pẹ.

Ẹ̀ẹ́mẹ́rin ni wọ́n ti fi lọ wàásù ní abúlé kejì láti ìgbà náà. Wọ́n ní ohun tó ń gba wákàtí kan àtààbọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́, pẹ̀lú òkè tí wọ́n ń sọ̀ tì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́ tó ń dípẹtà lẹ́yìn kúlé ní Ìtìrẹ́, ní Yábàá, ní Múṣín, ẹ máa gbé e bọ̀. A ṣì ní òṣìṣẹ́ méjì tó ń fẹsẹ̀ rìn, a sì tún fẹ́ padà lọ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Mẹ́ta ni kárià ń gbé, kò ní gba ẹyọ kan lé e, ẹ má bẹ̀ mí. Táyà tó ti bẹ́ kò burú, fúlúkánáísà kan ti ní òun máa bá wa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ọmọdé onítáyà mẹ́rin tí ẹnì kan gbé wá lánàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gbé e padà. Ẹsẹ̀ Bàbá Ajíhìnrere gùn jù ú lọ. Ọ́fíìsì ìjọ ń ṣí láti aago mẹ́sàn-án. Ẹ béèrè Alàgbà, àwọn ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀ báyìí, àwọn náà ni kọ́kọ́rọ́ pádílọ́ọ̀kù sì wà lọ́wọ́ wọn.